Ojú Irin àti Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Tó Di Ahoro ní Ẹkùn Èjìgbò

Èjìgbò, ìlú tí Ògìyán ń jọba lé lórí, wà ní nǹkan bí kìlómítà 40 sí àríwá ìwọ̀-oòrùn Òṣogbo, ní agbègbè tí igbó ti ń pàdé ọ̀dàn. Nígbà tí ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ń la ojú irin láti Èkó lọ sí òkè Ọya, ojú irin náà dé Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1901, ó gba ilẹ̀ Ìwó àti Ẹdẹ kọjá, ó sì wọ Òṣogbo ní ọdún 1907, ṣùgbọ́n kò yà sí Èjìgbò. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti di ahoro ní ẹkùn yìí fi gbọ́dọ̀ tọ ojú irin lọ, nítorí pé ibi tí rélùwéè ń dúró sí ni ilé ẹ̀rọ, àká ọjà àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ ti dìde, ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú wọn sì ti dákẹ́.

Òwú ló kọ́kọ́ mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá. Ní ọdún 1902 ni àwọn oníléeṣẹ́ aṣọ ní Manchester àti agbègbè rẹ̀ dá ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association sílẹ̀, èyí tó ń wá ilẹ̀ tí wọ́n ti lè máa gbin òwú lábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n má baà gbójú lé òwú Amẹ́ríkà nìkan, ẹgbẹ́ náà sì gbé ẹ̀rọ ìyọ-wóró-òwú kalẹ̀ ní Ìbàdàn àti Òṣogbo, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya fọ́nrán òwú sọ́tọ̀ kúrò lára wóró rẹ̀. Bí a bá pín òwú tí àgbẹ̀ ká lóko sí ọ̀nà mẹ́ta lórí ìwọ̀n, nǹkan bí ìdá méjì ni wóró, nítorí náà ẹni tó bá dì í sínú ọkọ̀ láìyọ wóró ń sanwó lórí ohun tí ahunṣọ Manchester kò ní lò. Èyí ló mú kí ilé ẹ̀rọ náà wà nítòsí ojú irin, tí àwọn ará ìlú bí Èjìgbò, tí ojú irin kò dé, fi ní láti ru ẹrù wọn rìn kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti lè tà á fún àwọn òyìnbó.

Ohun tí ẹgbẹ́ náà kò kà sí tó ni pé òwú ti ní oníbàárà nílé tipẹ́. Àwọn obìnrin tó ń ran òwú, tí wọ́n sì ń hun kíjìpá, àti àwọn ahunṣọ òfì, sábà máa ń san owó tó ju ti ẹgbẹ́ náà lọ, pàápàá nígbà tí iye owó òwú bá wálẹ̀ ní ọjà Liverpool, àgbẹ̀ kò sì rí ìdí tí òun yóò fi fi ọjà òun tọrẹ. Nígbà tí ojú irin dé Kánò ní nǹkan bí ọdún 1912, ojú àwọn olówùú yí sí ilẹ̀ Hausa, kòkó sì ń gba ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan ń ka èyí sí ìkùnà àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdájọ́ tó tọ́ ni pé ahunṣọ ilé borí oníṣòwò òkèèrè nínú ọjà tí àwọn méjèèjì jọ ń ná.

Ti tábà kò pẹ́ rárá: ilé-iṣẹ́ British American Tobacco bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìgá ní Òṣogbo ní ọdún 1933, nígbà tó sì di ọdún 1937 iṣẹ́ ti kúrò níbẹ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Èyí tó tóbi jù, tó sì dunni jù, ni ilé-iṣẹ́ irin Òṣogbo, ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí Òṣogbo, Jos àti Katsina ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1980. Wọ́n ṣètò rẹ̀ kí ó lè máa ṣe tọ́ọ̀nù 210,000 lọ́dún. Kò sí ìleru tí ń yọ́ òkúta irin níbẹ̀. Bílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kó wá fún un, ìyẹn ọ̀pá irin nípọnnípọn onígun mẹ́rin tí a óò tún fi iná sun títí yóò fi pọ́n, tí a óò sì tì gba àárín àwọn irin roboto tó ń yí, títí yóò fi di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò. Láti Aladja nítòsí Warri ló yẹ kí bílẹ́ẹ̀tì náà ti máa wá, nígbà tí Aladja fúnra rẹ̀ kò sì lè pèsè tó mọ́, Òṣogbo kò rí ohun tí yóò rọ. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ so ẹ̀mí ilé-iṣẹ́ kan mọ́ ti òmíràn tó jìnnà sí i, wọn kò sì fi ọ̀nà àbáyọ kankan sílẹ̀.

Èjìgbò alára tọ ọ̀nà mìíràn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń rìn lọ ṣòwò ní Gánà àti Côte d'Ivoire, bẹ́ẹ̀ ni òfin tí ìjọba Gánà gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, tó lé ọ̀pọ̀ Yorùbá wálé, kò dá ìrìn àjò sí Àbíjàn dúró. Owó òwò yìí ló kọ́ púpọ̀ nínú ilé ńláńlá ìlú náà, tí ilẹ̀kùn àwọn mìíràn kì í ṣí àfi ní àsìkò ọdún. Olùwádìí kò gbọ́dọ̀ ka irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́ ahoro, nítorí pé ilé tí olówó rẹ̀ wà lẹ́yìn odi ṣì ní ẹni tí ń tún un ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ahoro gidi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́, kí ó sì ṣọ́ra fún òrùlé tó ti jẹrà. Lẹ́yìn èyí ni kí ó wo ìpìlẹ̀ ibi tí ẹ̀rọ jókòó sí, ẹnu ọ̀nà tí ẹrù ń gbà wọlé, àti orúkọ àwọn aṣe-ẹ̀rọ tí a tẹ̀ sára irin, torí pé àwọn tó ń ra irin àlòkù kì í fi wọ́n sílẹ̀ pẹ́. Ẹgbẹ́ LEGACY, tó ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, ti fi hàn ní Ẹbúté Mẹ́ta ní Èkó pé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe, nígbà tí wọ́n tún ilé Jaekel ti rélùwéè ṣe, ilé tí a kọ́ ní ọdún 1898, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìtàn. Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn ọba ìlú àti àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ọ̀ṣun, tó ní ọgbà kan ní Èjìgbò, tètè wọn àwọn ilé ojú irin Ìwó, Ẹdẹ àti Òṣogbo, kí wọ́n ya àwòrán wọn, kí wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.