Sólà ń pọ̀ sí i: ta ni yóò máa mú iná dúró?

Ní Ìwàrè, níbí ní Àfijìó, bí iná bá dé, "Up NEPA!" lẹ máa gbọ́. Bó bá lọ, àwọn tó ní sólà kì í tiẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n inverter tí wọ́n kàn mọ́ ògiri yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ju ká fi wo bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí ló ń mú gíríìdì dúró?

Iná tí à ń lò máa ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tí omi ń yí ní Kainji, Jebba àti Shiroro, àtàwọn tó ń lo gáàsì, ló ń lù ú bí ìlù. Òṣogbo ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ kan bá já lójijì, àwọn tó kù ṣì ń yí nítorí wọ́n wúwo. Àyè kékeré yẹn la fi ń rí àtúnṣe. Bí kò bá yá, gbogbo ẹ̀ á wó. Ní October 2024, ó wó lọ́jọ́ 14, 15 àti 19.

Inverter ńkọ́?

Pánẹ́ẹ̀lì sólà ò ní ohun tó ń yí. Inverter ló ń sọ iná rẹ̀ di irú tí fáànù ń lò. Oríṣi méjì ló wà:

- Oníjó: ó ń tẹ̀lé ìlù gíríìdì. Bí ìlù bá dákẹ́, òun náà á dúró.
- Onílù: òun fúnra rẹ̀ ló ń lùlù. Pẹ̀lú bátìrì, ó lè gbé gíríìdì ró.

Bí oníjó bá pọ̀ tí onílù ò sí, wàhálà dé.

Ẹ̀kọ́ láti òkèèrè

Ní 28 September 2016, ìjì wó òpó iná ní South Australia. Ètò inú àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan ní kí wọ́n já kúrò, gbogbo ìpínlẹ̀ náà sì ṣókùnkùn. Wọ́n tún ètò yẹn ṣe. Ní 2017, wọ́n gbé bátìrì Hornsdale kalẹ̀, 100 mẹ́gáwáàtì. Ní 2022, wọ́n ṣètò rẹ̀ kó lè máa ṣe bí ẹ̀rọ tó ń yí.

Ọ̀rọ̀ náà ò jìnnà sí wa. Blitta ní Tógò bẹ̀rẹ̀ ní 2021 pẹ̀lú 50 mẹ́gáwáàtì. Illoulofin ní Pobè, nílẹ̀ àwọn Nàgó ní Benin, tẹ̀lé e ní 2022 pẹ̀lú 25. Òfin iná 2023 sì ti fún àwọn ìpínlẹ̀ wa láyè láti dá ọjà iná tiwọn sílẹ̀.

Kí lẹ máa ṣe nílé?

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó fẹ́ gbé e kalẹ̀: "Bí NEPA bá mú iná lọ, ṣé eléyìí á ṣiṣẹ́?" Oníjó láìsí bátìrì ò ní ṣiṣẹ́, kódà bí oòrùn bá ń ràn. Ẹ má sì gbà kí iná inverter yín padà sórí wáyà ìta. Òṣìṣẹ́ tó gun òpó gbà pé kò síná níbẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.