Fọ́ńgáì Tó Ń Gbé Inú Ọ̀gẹ̀dẹ̀, Tó Sì Ń Dáàbò Bò Ó

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ló ti rí i rí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti so á kàn wó lulẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn díẹ̀ bá fẹ́. Tí a bá yẹ ìdí rẹ̀ wò, ihò la ó bá níbẹ̀. Kòkòrò dúdú kékeré kan, tí ẹnu rẹ̀ gùn ṣóńṣó, ló yé ẹyin síbẹ̀. Ìdin tó jáde látinú ẹyin náà ló sì ń jẹ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti inú. Oògùn apakòkòrò tí a fọ́n sára ewé kì í dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wá ẹ̀ṣọ́ tó lè gbé inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Beauveria bassiana, fọ́ńgáì inú ilẹ̀ tó jẹ́ ẹbí olú àti èébu ara búrẹ́dì. Orúkọ Agostino Bassi, ará Ítálì, ni wọ́n fi sọ ọ́. Òun ló fi hàn lọ́dún 1835 pé fọ́ńgáì yìí ló ń fa àrùn tó ń pa kòkòrò tó ń ta òwú sílíìkì. Tí hóró rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, bá lẹ̀ mọ́ kòkòrò lára, á hù, á lu awọ rẹ̀ wọlé, á sì pa á láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Lọ́dún 1991, àwọn onímọ̀ ní ìpínlẹ̀ Iowa, Amẹ́ríkà, jábọ̀ pé fọ́ńgáì yìí lè gbé inú àgbàdo, kó sì dín ìbàjẹ́ tí ìdin ń ṣe nínú igi rẹ̀ kù. Lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí IITA, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà n'Ìbàdàn, dán an wò lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Uganda. Wọ́n ri gbòǹgbò ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré bọ omi tí hóró fọ́ńgáì wà nínú rẹ̀. Ó wọ inú rẹ̀, ó wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan láì kó àrùn bá a, ìbàjẹ́ tí ìdin ń ṣe sì dín kù.

Àmọ́ kì í pa gbogbo ìdin tán, oògùn tí à ń fi pa fọ́ńgáì sì lè pa òun náà. Nítorí náà, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó mọ́ ni ìpìlẹ̀. Ẹ gé gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, ẹ bẹ ìdí rẹ̀ títí yóò fi funfun, kí ẹ rì í bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì gbìn ín jìnnà sí oko tí kòkòrò ti bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lo fọ́ńgáì, kó jẹ́ lẹ́yìn tó bá ti tutù, torí omi gbígbóná á pa á.

Ẹ má ṣe ha èébu èyíkéyìí láti fi ṣe oògùn oko. Irú èyí tó máa ń hù lára àgbàdo àti ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa lè ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ni kí ẹ ti béèrè èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò.