Nígbà Tí Ìpayà Bá Tún Padà: Ẹ̀kọ́ Láti Ọ̀dọ̀ Abu Zayd al-Balkhi

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, Ẹni tí Ó dá ara àti ẹ̀mí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, àìsàn kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi pamọ́ ní Ìlọrin yìí. Àyà ènìyàn á dédé máa lù kìkì, èémí rẹ̀ á kúrú, òógùn á bò ó, á sì rò pé ikú ti dé. Bí ó bá gba ìtọ́jú, ó lè lọ fún ọdún púpọ̀. Ìgbà tí ó bá tún padà ni ọ̀rọ̀ máa ń le jù. Onítọ̀hún á ní gbogbo ìtọ́jú ti já sí asán. Àwọn mìíràn á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló rẹlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìrun Jímọ̀, kí ó má baà ká a mọ́ inú sọ́ọ̀fù.

Ṣé àìnígbàgbọ́ ni kí ẹ̀rù padà? Ẹ wo Ànábì Mùsá. Nígbà tí ọ̀pá rẹ̀ di ejò, ó sá láìwẹ̀yìn, Ọlọ́hun sì ní kó má bẹ̀rù. Síbẹ̀, níwájú àwọn òpìdán Firiáónà, ẹ̀rù tún wọ inú rẹ̀. Ọlọ́hun tún fi í lọ́kàn balẹ̀ ni.

Àwọn onímọ̀ wa àtijọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 850 ni wọ́n bí Abu Zayd al-Balkhi nítòsí ìlú Balkh, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Afghanistan lónìí. Ó wá ìmọ̀ lọ sí Ìráàkì, ó sì kú ní ọdún 934, ìyẹn 322 lẹ́yìn Hijira. Ìwé rẹ̀, Masalih al-Abdan wa al-Anfus, ní apá kan lórí ìtọ́jú ara, àti apá kejì lórí ìtọ́jú ọkàn. Níbẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé kò sí ẹni tí ìdààmú ọkàn kì í bá.

Lórí ìpayà, ó ní kí ènìyàn máa sún mọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń fi ariwo kọ́ ẹṣin títí ariwo ò fi ní bà á lẹ́rù mọ́. Àwa tí à ń wo ẹṣin láàárín ìlù àti fèrè lọ́jọ́ ọdún mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó kàn wá jù nìyí: bí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣe ń tọ́jú oògùn sílé de àìsàn òjijì, bẹ́ẹ̀ ni kí ó kó èrò rere pamọ́ sọ́kàn nígbà ìrọ̀rùn, de ọjọ́ ìdààmú. Ẹni tó bá ń múra báyìí ti mọ̀ pé àìsàn lè padà. Kò ní rò pé ayé ti bàjẹ́ bó bá dé. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ara dá: "Èyí ti ṣe mí rí, ó sì kọjá."

Kò dá èyí gbé. Ní Àró, l'Ábẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọkàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Oògùn àti ènìyàn jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Nítorí náà, bí ó bá padà, ẹ tètè rí dókítà. Àyà tó ń lù lè jẹ́ àìsàn mìíràn. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Ànábì wa pa á láṣẹ pé kí á wá ìwòsàn, ó sì kọ́ wa ní àdúà lórí ìdààmú àti ìbànújẹ́. Ọ̀kan kò lé èkejì jáde. Ẹ̀yin tí ara yín dá, ẹ bá a rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, kí ẹ dúró tì í.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn ní àlàáfíà, kí Ó sì fi ọkàn wa balẹ̀. Àmín.