Ìran Abíọ́dún àti Pẹpẹ Àwọn Ọkùnrin

Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, Christianah Abíọ́dún Akínṣòwọ́n, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, lọ wo ìwọ́de Corpus Christi tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ń ṣe ní Campos nílùú Èkó. Ìjọ Áńgílíkà ni òun ń lọ; òǹwòran lásán ni níbẹ̀. Ó ní òun rí áńgẹ́lì kan tó tẹ̀lé òun délé, kò sì pẹ́ tó fi bọ́ sójú ìran, tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́, kó wá gbàdúrà fún un. Látinú ìpàdé àwọn méjèèjì ni ẹgbẹ́ Séráfù ti jáde, kí orúkọ Kérúbù tó kún un. Ohun tí mo fi ìtàn yìí dì mú ni pé àwọn ìjọ Aládùúrà bí èyí kò fìgbà kan ṣiyèméjì pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń bá obìnrin sọ̀rọ̀. Ìjà kì í bẹ̀rẹ̀ àfi nígbà tí obìnrin tó ríran bá ní ìran náà fún òun láṣẹ.

Ẹ̀rí ti wà kí Abíọ́dún tó dé. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú ọdún 1918, Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́ olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ń kéde pé àdúrà àti omi òjò ni ìwòsàn. Àwọn ọkùnrin gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó fìdí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye múlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Síbẹ̀, Joseph Shadare ni olórí. Ti Abíọ́dún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò gbà kí wọ́n máa pe òun ní ẹni tí wọ́n gbàdúrà fún lásán. Òun ló ṣáájú àwọn ajíhìnrere lọ sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn. Captain Abíọ́dún ni gbogbo ayé ń pè é. Nígbà tó ní òun àti Orímọládé ni wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ dojú rú. Lọ́dún 1929, Orímọládé kọ̀wé sí i pé kó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ìjà àgbà àti ọmọdé ni, pé bí Abíọ́dún bá jẹ́ ọkùnrin ọmọ ogún ọdún, wọn ì bá ṣe é bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí ilẹ̀ Yorùbá kì í fojú kéré ipò àgbà. Àmọ́ kò lè ṣàlàyé ohun tí olùwádìí Deidre Crumbley rí nígbà tó gbé ìjọ Aládùúrà mẹ́ta yẹ̀ wò. Christ Apostolic Church kò ka nǹkan oṣù sí àìmọ́, síbẹ̀ kì í fi obìnrin joyè àlùfáà. Church of the Lord, tí Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lú dá sílẹ̀ ní Ògèrè, ń fi wọ́n joyè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ wọlé ìjọsìn. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run, tí Oschoffa dá sílẹ̀, so ìdènà méjèèjì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Bíbélì kan ṣoṣo, tàbí àṣà Yorùbá kan ṣoṣo, ló pàṣẹ, kí ló dé tí àwọn mẹ́ta tó ń ka ìwé kan náà, tí wọ́n sì ń bẹ láàárín àwọn Yorùbá kan náà, fi ṣe mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Ẹni tó jókòó sórí àga ìgbìmọ̀ ló yàn.

Àwọn kan á dáhùn pé ẹ̀jẹ̀ lágbára, pé ìbọ̀wọ̀ ni ìyàsọ́tọ̀ náà, kì í ṣe ìfojútẹ́ńbẹ́lú. Mo gbà pé àwọn baba wa bẹ̀rù agbára obìnrin. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ̀ tí kì í fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún láyè láti sọ̀rọ̀ ṣòro láti yà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdènà. Léfítíkù orí 15 tí wọ́n ń tọ́ka sí tún ka ohun tó ń jáde lára ọkùnrin sí àìmọ́, a kì í sì í gbọ́ pé wọ́n fi èyí lé ọkùnrin kúrò nídìí pẹpẹ títí ayé. Nínú Máàkù orí 5, obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ fọwọ́ kan aṣọ Jésù, Jésù kò sì bá a wí. Pọ́ọ̀lù tó ní kí obìnrin dákẹ́ nínú ìjọ ni ó ti kọ́kọ́ là á sílẹ̀, nínú lẹ́tà kan náà sí àwọn ará Kọ́ríńtì, bí obìnrin tó ń gbàdúrà tàbí tó ń sọtẹ́lẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ bo orí rẹ̀. Ta ló ń sọtẹ́lẹ̀ láìlanu?

Wọ́n tún máa ń rán wa létí pé lọ́dún 1986, Abíọ́dún kan náà ni wọ́n fi ṣe olórí nígbà tí àwọn ẹ̀ka Kérúbù àti Séráfù fẹnu kò láti ṣọ̀kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún 57 ti kọjá lẹ́yìn ìpínyà, Orímọládé ti kú láti ọdún 1933, Abíọ́dún sì ti di arúgbó tó ti kọjá ọjọ́ orí nǹkan oṣù. Lójú tèmi, ogbó ló gbà á wọlé ju ìran lọ. Oyè náà kò sì pa òfin tó ń dènà obìnrin nídìí pẹpẹ rẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ríran nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tó ń jẹ́ orúkọ ìjọ náà.