Kíì D Lórí Àkọ́díọ̀nù Àwọn Ará Ireland

Ọdún 1829 ni Cyrill Demian gba ìwé àṣẹ fún àkọ́díọ̀nù ní Vienna. Nígbà tí yóò fi dé Ireland, ó bá fèrè, fáólìn àti fèrè alápò nílẹ̀, kíì D àti G sì ni àwọn yẹn fẹ́ràn jù. Àlejò ló wá ń kọ́ èdè onílé.

Kò sì rọrùn. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo, ohùn méjì: ti ìgbà tí a bá fún ẹwìrì rẹ̀ pọ̀ yàtọ̀ sí ti ìgbà tí a bá fà á. Lórí àkọ́díọ̀nù onílà bọ́tìnnì méjì tí wọ́n ń pè ní B/C, ẹni tó ń tẹ orin kíì D yóò máa rìn lórí ìlà C, àmọ́ tó bá ti kan F# tàbí C#, ìka gbọ́dọ̀ fò sí ìlà B. Ní kíì G, F# nìkan ló ń béèrè irú ìfò bẹ́ẹ̀.

Paddy O'Brien, ọmọ Tipperary, ló sọ B/C di ìlú mọ̀ọ́ká láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ohùn tirẹ̀ máa ń ṣàn geere.

Joe Cooley, ọmọ Galway, kò gba ibẹ̀. Ìlà D lórí àkọ́díọ̀nù tirẹ̀ ló gbójú lé, ó ń tẹ̀, ó ń fà, orin ń ta kìjí. Ká sòótọ́, tirẹ̀ ló yẹ ijó jù. Ẹni tó gbọ́ àkọ́díọ̀nù I.K. Dairo nínú jùjú á mọ ohun tí à ń wí. Cooley pẹ́ ní Amẹ́ríkà kó tó padà sílé, ó sì kú ní 1973. Ọdún 1975 ni àwo rẹ̀, Cooley, jáde.