Láti Rọ́kẹ́ẹ̀tì Iná sí Rọ́kẹ́ẹ̀tì Olómi: Ìtàn Kan fún Olùkọ́ ní Hayin Banki, Kaduna

Ìfáárà

Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan bá délé ní Hayin Banki, ní ìlú Kaduna, tó ní àwọn máa yin "roka" lọ́la, àgbàlagbà tó gbọ́ ọ kò ní kọ́kọ́ ronú nípa òṣùpá. Ohun ìjà ni yóò sọ sí i lọ́kàn, nítorí "makamin roka" ni ìròyìn èdè Hausa máa ń pè é. Ìlú tó rí rògbòdìyàn ọdún 2000, tó sì gbọ́ ìròyìn ìkọlù sí ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, ní ìdí láti fura. Síbẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà tó jẹ́ pé ìgò oníke mínírà, omi àti páǹpù kẹ̀kẹ́ ni a fi ń ṣe é. Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Èrò wa ni pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá kí ó tó gbé ìgò dé orí pápá.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ dé

Ẹ̀rù yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ọmọ ogun Mysore ní Íńdíà fi rọ́kẹ́ẹ̀tì onírin bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà. William Congreve wo àpẹẹrẹ wọn, ó sì ṣe irú tirẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, rọ́kẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí wọ́n yìn sí ìlú. Iná ran ilé, Kòsọ́kọ́ sá, Akítóyè sì padà sórí oyè. Ogun Àgídìngbì ni àwọn ará Èkó pè é, àwọn mìíràn sì pè é ní Ogun Ahóyaya. Báyìí ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe wọ ìtàn wa: iná tí ẹlòmíràn yìn sí wa.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń wò lókèèrè

Lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́fà ọdún, rọ́kẹ́ẹ̀tì tún kàn wá, ó sì yàtọ̀. Amẹ́ríkà kọ́ ibùdó kan sí Kano láti máa bá àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú ètò Mercury sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1962, John Glenn gba ojú ọ̀run Kano kọjá, ó sì bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò nípa eruku tó rí tó bo ilẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ mọ eruku náà dáadáa. Ṣùgbọ́n Florida ni rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti gbéra. Kódà nígbà tí Nàìjíríà ní sátẹ́láìtì tirẹ̀, NigeriaSat-1, rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ló gbé e lọ láti Plesetsk ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003. Òǹwòran ni a ṣì jẹ́.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà kéré lójú. Ní 1973, Nathaniel Wyeth, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ DuPont, gba ìwé àṣẹ lórí ìgò oníke tó lè gba agbára gáàsì inú mínírà láìbẹ́. Ìgò onígíláàsì wúwo, bó bá sì bẹ́, àfọ́kù rẹ̀ lè pani lára. Oníke fúyẹ́. Nígbà tó kún ojú pópó wa, ara rọ́kẹ́ẹ̀tì ti wà nínú gọ́tà, ó kàn ń dúró de ẹni tí yóò ṣà á.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. A ó bu omi sí i tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀, a ó fi kọ́ọ̀kì tó ní ẹnu táyà dí i, a ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ìdúró, a ó sì máa fún afẹ́fẹ́ sí i. Nígbà tí agbára afẹ́fẹ́ bá borí kọ́ọ̀kì, omi á tú sísàlẹ̀, ìgò á fò sókè. Òfin kẹta Newton tó jáde ní 1687 nìyẹn: ohun tí a bá tì yóò ti àwa náà padà. Bí kò bá sí omi nínú ìgò, afẹ́fẹ́ nìkan kò wúwo tó láti tì í jìnnà. Bí omi bá sì kún jù, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìgò mẹ́ta dán an wò, kó sì wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lọ tó. Ìwádìí gidi nìyẹn.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ibùdó ẹ̀kọ́ òfuurufú ARCSSTE-E, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998 nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti fi irú rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀sẹ̀ Òfuurufú Àgbáyé, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ ní 1999, máa ń wáyé láti ọjọ́ 4 sí 10 oṣù Kẹwàá, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Ìkádìí àti àbá

Bí a bá fẹ́ mú un dé Hayin Banki, kì í ṣe ìgò ni yóò wọ́n wa, ìfọkàntán ni. Nítorí náà, a dábàá pé:

1. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ lọ rí mai unguwa, àwọn òbí àti ọlọ́pàá, kó sì fi ìgò náà hàn wọ́n kí wọ́n tó gbọ́ ìró rẹ̀.

2. Kí ó máa pè é ní "rokar ruwa", kí omi lè wà nínú orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

3. Kí ó lo pápá gbalasa àti rọ́bà gígùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ orí ìgò. Kí ó má lo ìgò omi mímu tó fẹ́lẹ́ tàbí irin lẹ́nu rọ́kẹ́ẹ̀tì.

4. Kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa fi ṣíṣe rẹ̀, àti ìtàn rẹ̀, kún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE.

Ìyá tó rí i tí ọmọ rẹ̀ bu omi sí ìgò fúnra rẹ̀ kò ní sá nígbà tó bá fò.