Lọ́yà Àwọn Ọ̀gá àti Àwọn Oníṣẹ́ Àkẹtẹ̀ Danbury

Ìtàn lọ́yà tí ó gbèjà òṣìṣẹ́ a máa dùn mọ́ wa nínú. Ti lọ́yà tí ó gbèjà ọ̀gá, a kì í sábà fẹ́ gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ Walter Gordon Merritt.

Ìlú Danbury, ní Connecticut ní Amẹ́ríkà, ìlú àwọn tí ń ṣe àkẹtẹ̀ ni láyé ìgbà náà. Baba Merritt pàápàá jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Ní 1901, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tọ Dietrich Loewe lọ, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tí ń bá a ṣiṣẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́. Nínú ilé-iṣẹ́ 82 tí ń ṣe irú àkẹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ náà, 70 ti gbà. Loewe kọ̀. Ní oṣù Júláì 1902, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ sì kéde kiri ìlú ńláńlá pé kí oníṣòwò kankan má ra àkẹtẹ̀ Loewe. Ọjà kùtà.

Àwọn ọ̀gá náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Daniel Davenport, àgbà lọ́yà, ni ó ṣíwájú ẹjọ́. Merritt, ọ̀dọ́mọkùnrin, wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n wọn. Wọn kò dúró lórí àwọn olórí ẹgbẹ́. Ní 1903, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lásán tí ó lé ní 200 ni wọ́n pè lẹ́jọ́, wọ́n sì fi àṣẹ kóòtù gbẹ́sẹ̀ lé ilé wọn àti owó tí wọ́n fi pamọ́ sí báńkì, kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹjọ́ rárá.

Òfin tí wọ́n gùn lé ni òfin Sherman ti 1890, èyí tí a ṣe nítorí àwọn oníṣòwò ńlá tí ń pawọ́ pọ̀ gba ọjà mọ́ aráyé lọ́wọ́. Ọ̀kọ̀ tí a rọ fún erin ni wọ́n fi gún ẹtu! Òfin náà ní kí ẹni tí ó bá jẹ̀bi san ìlọ́po mẹ́ta àdánù. Ní 1908, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fọwọ́ sí i pé òfin náà de òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. Adájọ́ kan kò yapa. Ní 1910, àdánù 74,000 dọ́là di 222,000. Wọ́n tún ẹjọ́ náà rò, owó sì tún ga sí i. Ní 1915, ilé-ẹjọ́ kan náà ní ẹni tí ń san owó ẹgbẹ́, tí ó sì yẹ kí ó mọ ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe, kò lè sọ pé òun kò lọ́wọ́ sí i. (Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó ẹgbẹ́ láìwá sí ìpàdé, ẹ gbọ́ o!)

Ìjọba ti ṣe òfin Clayton ní 1914, tí ó ní iṣẹ́ ọmọ ènìyàn kì í ṣe ọjà títà. Àwọn òṣìṣẹ́ yọ̀. Ṣùgbọ́n ní 1921, nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Duplex tí ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Davenport àti Merritt tún borí. Ó di 1932 kí òfin mìíràn tó ká kóòtù lọ́wọ́ kò.

Èmi kò pe Merritt ní òṣìkà. Loewe ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́, àwọn oníṣòwò tí a dẹ́rù bà kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ti àwọn ilé wọ̀nyẹn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ní 1916, a bẹ àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà pé kí olúkúlùkù fi owó iṣẹ́ wákàtí kan ṣe ìrànwọ́. Ní 1917, wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà ní nǹkan bí 234,000 dọ́là. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí àṣẹ kóòtù ti gbẹ́sẹ̀ lé àwọn ilé náà.